Abẹ́rẹ́ Tí Wọ́n Ń Gún fún Ọmọ Inú: Àṣìṣe Táwọn Èèyàn Ń Ṣe Torí Ìbẹ̀rù Àìsàn Ọkàn

Oyún wà lóṣù méje, omi ara ìyàwó dà lójijì. Nọ́ọ̀sì gbé abẹ́rẹ́ dexamethasone dé, ni ìyá ọkọ bá fa fóònù yọ: "Wọ́n ní ó máa ń ba ọkàn ọmọ jẹ́ tó bá dàgbà. Má gbà á o!"

Ẹ má kọ̀ ọ́ torí ìyẹn. Ọmọ tí kò tíì lè mí dáadáa ni ẹ̀ ń bá ṣọ́ ọkàn tó máa ní tó bá di ẹni ogójì ọdún?

Abẹ́rẹ́ náà ń mú kí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ tètè gbó. Àwọn dókítà méjì, Liggins àti Howie, ló dán irú rẹ̀ kan tó ń jẹ́ betamethasone wò lára àwọn aláboyún ní Auckland, ní New Zealand, àbájáde rẹ̀ sì jáde lọ́dún 1972. Àwọn ọmọ ìgbà yẹn ti dàgbà. Nígbà tí wọ́n di ọmọ 30 ọdún, wọ́n yẹ ìfúnpá àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn wò: àwọn tó gba abẹ́rẹ́ kò yàtọ̀ sí àwọn tí kò gbà á. Àfi insulin (èròjà ara tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀) àwọn tó gbà á tó ga díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n mu omi ṣúgà fún àyẹ̀wò. Nígbà tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 50, àìsàn ọkàn kò tún pọ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ inú fóònù yẹn ní ibi tó ti wá o. Ìfúnpá àwọn àgùntàn kan tí wọ́n fún ní irú oògùn yìí nínú oyún ga nígbà tí wọ́n dàgbà. Àmọ́ ẹ má fi àgùntàn dájọ́ ọmọ yín.

Àṣìṣe mìíràn ni dídi ẹ̀bi ru abẹ́rẹ́. Àìpé oṣù fúnra rẹ̀ máa ń jẹ́ kí ìfúnpá ga lágbà.

Àwọn kan tún wà tó ń fi í ṣeré: wọ́n á ní kí wọ́n tún un gún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Rárá! Láti ọ̀sẹ̀ 24 sí 34 oyún ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ, nígbà tó bá jọ pé ìbímọ máa wáyé láàárín ọjọ́ 7, tí ọjọ́ oyún sì dájú. Mílígíráàmù 6 dexamethasone ni, ẹ̀ẹ̀mẹrin, wákàtí 12 síra wọn. Bí ìyá bá ní àtọ̀gbẹ, kó tètè sọ, torí ṣúgà rẹ̀ máa lọ sókè fún ọjọ́ mélòó kan.

Ìwé tí wọ́n fún yín nígbà tẹ́ ẹ kúrò ní ọsibítù, ẹ má fi di ẹ̀pà. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bí ọmọ náà wà níbẹ̀, dókítà tó bá ń yẹ ìfúnpá rẹ̀ wò lọ́jọ́ iwájú á fẹ́ rí i.