Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lórí imú ẹni tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù

Bí mo bá wọ yàrá ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù, orí tábìlì ni ojú mi máa ń kọ́kọ́ lọ. Ìgò oògùn imú á tò lọ bẹẹrẹ, imú ọ̀hún á ṣì dí, á ṣì máa da omi, àwọn ará ilé á sì ti fẹ́ lọ ra òmíràn. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé apá àti ẹsẹ̀ ni wọ́n ní kí n wá tọ́jú, imú onímú ni mò ń yọjú sí. Wọ́n kúkú sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń rí ohun tí mò ń rí, inú á bí ẹ̀yin náà.

1. Gbígbé oògùn tó ń la imú mì láìka ohun tó wà nínú rẹ̀. Pseudoephedrine àti phenylephrine ni kí ẹ máa wá lára páálí. Ṣe ni wọ́n ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú nínú imú pọ̀ kí afẹ́fẹ́ lè ráyè kọjá. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ oògùn téèyàn gbé mì ò dá imú mọ̀ yàtọ̀. Iṣan ibòmíràn náà á fún, ẹ̀jẹ̀ á sì lè ru sókè. Ẹni tí iṣan ọpọlọ rẹ̀ ti dí tàbí tó ti bẹ́ rí lẹ wá ń fún nírú ẹ̀! Ìbátan wọn kan wà tó ń jẹ́ phenylpropanolamine. Lọ́dún 2000, àjọ FDA tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn tó ń ṣe oògùn yé tà á, torí pé ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ya sínú ọpọlọ. Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ jẹ ni pé wọ́n máa ń po àwọn oògùn yìí mọ́ paracetamol, wọ́n á wá kọ "òtútù" tàbí "kàtá" gàdàgbà sára páálí. Gbólóhùn àkọ́kọ́ tó yẹ kó jáde lẹ́nu yín níwájú apoògùn ni pé, "Ó ti ní rọpárọsẹ̀ rí."

2. Fífín oxymetazoline tàbí xylometazoline símú lójoojúmọ́. Tó bá ti ju ọjọ́ 3 sí 5 lọ, oògùn fúnra rẹ̀ lá bẹ̀rẹ̀ sí í dí imú. Ẹ̀ ń fín in torí imú dí, imú ń dí torí ẹ̀ ń fín in.

3. Oògùn aléjì ayé àtijọ́, irú chlorphenamine àti diphenhydramine. Ó ń múni tòògbé, ó ń da àgbàlagbà lọ́kàn rú, ó lè sé ìtọ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ọ̀pá kọ́ ìrìn ò nílò ohun tó máa gbé e ṣubú.

4. Pípe gbogbo omi tó bá ti imú jáde ní ọ̀fìnkìn. Ibí gan-an lara ti máa ń ta mí.

Bàbá kan wà tí àwọn ọmọ wọn ti ra oògùn aléjì, oògùn òtútù àti ẹ̀rọ tó ń fọ afẹ́fẹ́ yàrá. Wọ́n tiẹ̀ ti ká kápẹ́ẹ̀tì nílẹ̀. Mo bi wọ́n pé ìgbà wo gan-an ni imú yìí máa ń ṣàn. Kò sẹ́ni tó lè dáhùn. Mo ní kí wọ́n bu omi ọsàn fún bàbá. Bàbá mu ún, wọ́n wúkọ́ díẹ̀, kò pẹ́ ni ẹ̀kán kan yọ ní ihò imú ọ̀tún, àwọ̀ ọsàn gẹ́lẹ́. Akọ́bí wọn fi áńkáṣífì nù ún, ó ní, "Ṣé ẹ rí i, kàtá náà nìyẹn." Kàtá wo ló ń ní àwọ̀ ọsàn?

Bí èèyàn bá ń gbé nǹkan mì, ẹran rírọ̀ tó wà lẹ́yìn àjà ẹnu máa ń gbéra sókè láti dí ọ̀nà imú. Rọpárọsẹ̀ lè gba agbára rẹ̀ bó ṣe gba agbára apá, ohun mímu á wá gba òkè sá jáde. Ẹ ṣọ́ ọ. Ṣé ìgbà oúnjẹ nìkan ló ń ṣàn? Ṣé ohùn rẹ̀ ti ń ránmú látìgbà tí àìsàn náà ti dé? Ṣé ó máa ń wúkọ́ bó bá mu omi? Lóòótọ́, imú ẹlòmíì máa ń ṣomi tó bá jẹ ohun gbígbóná tàbí ohun tó ta, àmọ́ omi lásán nìyẹn, kì í ní àwọ̀ oúnjẹ. Bó bá jẹ́ oúnjẹ ló ń jáde, ẹni tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ sísọ àti oúnjẹ gbígbé mì lẹ nílò. Òun ló máa sọ bó ṣe yẹ kó jókòó àti bó ṣe yẹ kí ohun mímu rẹ̀ ki tó. Gbogbo ohun tí oògùn ọ̀fìnkìn máa ṣe ni kó gbẹ ẹnu, kí gbígbé mì wá túbọ̀ nira.

Bàbá yìí kan náà ni wọ́n ń da omi iyọ̀ sí nímú láràárọ̀! Fífi omi iyọ̀ fọ imú dáa fún ẹni tó ń gbé nǹkan mì dáadáa. Ẹni tí kò lè gbé e mì geere, omi yẹn lè gba ọ̀nà òdì wọ ẹ̀dọ̀fóró, kó sì di òtútù àyà.

Nọ́ńbà ti dàrú mọ́ mi lọ́wọ́, ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Bó bá jẹ́ ihò imú kan ṣoṣo ló ń yọnu, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Rọpárọsẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ ní ìdí ọpọlọ lè ba iṣan tó ń pàṣẹ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ imú sún kì jẹ́. Ihò ẹ̀gbẹ́ yẹn á dí, ìpéǹpéjú ibẹ̀ á wálẹ̀ díẹ̀, ọmọlójú á sì kéré ju ti èkejì. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú, ilé ìwòsàn ni. Bó bá sì ṣubú tó forí gbálẹ̀, tí omi tó mọ́ gaara wá ń kán láti ihò kan nígbà tó bá tẹríba, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì: ó lè jẹ́ omi tó yí ọpọlọ ká, ibi tó ń gbà jáde sì ni kòkòrò lè gbà wọlé. Ẹni tí rọ́bà oúnjẹ wà nímú rẹ̀, tí ihò yẹn ń rùn tàbí tó ń ṣọyún, nọ́ọ̀sì ni kẹ́ ẹ pè.

Oògùn fífín tó ní steroid (èròjà tó ń mú kí inú imú tó wú rọlẹ̀), irú fluticasone àti mometasone, kì í la imú lójú ẹsẹ̀. Ó ń gba ọjọ́ mélòó kan, nígbà míì ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọjọ́ kejì ni ọ̀pọ̀ ń jù ú nù. Àwọn tí ò jù ú nù ńkọ́? Ẹ wo ọwọ́ wọn. Ó yẹ kí ẹnu ìgò kọjú sí apá etí, kó má kọjú sí ògiri tó pín imú sí méjì. Ọwọ́ ọ̀tún ló rọrùn fún ihò òsì, ọwọ́ òsì fún ihò ọ̀tún. Ẹni tí ọwọ́ òsì rẹ̀ ti rọ ń fi ọ̀tún fín méjèèjì, ògiri ló sì ń gba gbogbo èyí tó fín sí ihò ọ̀tún. Ògiri á bó, ẹ̀jẹ̀ á dé. Ẹ bá a fín ihò yẹn.

Ẹ̀jẹ̀ yẹn náà ló ń bí èyí tó burú jù: kí ẹbí rí i, kí wọ́n sì dá aspirin, clopidogrel tàbí warfarin, àwọn oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, dúró fúnra wọn. Oògùn tí ò jẹ́ kí rọpárọsẹ̀ padà wá lẹ dá dúró nítorí imú! Kó jókòó, kó tẹ̀ síwájú, kẹ́ ẹ fún ibi tó rọ̀ lára imú pọ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15 láìjá ọwọ́. Bí ò bá dá, ẹ gbé e lọ. Dókítà ló máa sọ ti oògùn.

Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà tó ń dí imú pẹ̀lú: prazosin, doxazosin, hydralazine, methyldopa. Ẹ kọ ọjọ́ tí oògùn bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí imú bẹ̀rẹ̀ sínú ìwé fún dókítà.

Tó bá jẹ́ òru nìkan ni imú ń dí, tó ń hanrun, tí èémí ń dá dúró kó tó tún fà á padà, ẹ má tún ra nǹkan kan. Èémí tó ń dá dúró lójú oorun wọ́pọ̀ gan-an lẹ́yìn rọpárọsẹ̀. Ẹ fi fóònù gba ìró rẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ gbé e lọ. Dókítà tó bá gbọ́ ọ á tètè mọ̀ pé àyẹ̀wò oorun ló kàn.