Oúnjẹ pọ̀ nínú ìgò, èémí ni kò sí

Owó sírọ́ọ̀mù, omi inú ẹ̀jẹ̀ ẹran tí mo ń pò mọ́ oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì tí mo ń tọ́ nínú ìgò ní láàbù, ló ń dùn mí tí mo fi jókòó kọ èyí. Ìgò kan ṣoṣo tí wọ́n fi yìnyín tẹ́ nínú kúlà láti Èkó dé Tákíé gba owó tí mo fi ń jẹun oṣù méjì. Ìdajì rẹ̀ ni mo dà nù lásán.

Yíyọ sẹ́ẹ̀lì lára ọlẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́wàá inú ẹyin adìyẹ kò lè fún mi láàárẹ̀, n ò ní fi ìyẹn dá yín dúró. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ti lẹ̀ mọ́ ìdí ìgò, wọ́n nà gbọọrọ bí ẹja wẹ́wẹ́. Inú mi dùn débi pé mo pe ìyá mi lórí fóònù.

Ọjọ́ Ẹtì wá dé. N ò fẹ́ wá sí láàbù ní òpin ọ̀sẹ̀, ni mo bá da oúnjẹ olómi mílílítà 15 sínú ìgò tó yẹ kó gba 5. Mo ní kí wọ́n jẹ, kí wọ́n yó. Nígbà tó máa di Mọ́ńdè, omi tó pupa ti di yẹ́lò bí omi ọsàn, sẹ́ẹ̀lì ti ká kò roboto, ọ̀pọ̀ ti ṣí kúrò nídìí ìgò.

Mo ní bakitéríà ni. Mo da gbogbo rẹ̀ nù, mo fi kún oògùn apakòkòrò, mo tún bẹ̀rẹ̀. Yẹ́lò. Mo ní iná NEPA ni, mo ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Yẹ́lò náà ni! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko.

Ẹ̀gbọ́n tó ń bójú tó láàbù wa ló gbé ìgò náà sójú fèrèsé. "Wò ó dáadáa. Bakitéríà a máa rú omi, èyí mọ́ gaara. Àbí o fẹ́ rì wọ́n ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, rírì báwo?"

Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n: omi jìn tó mílímítà 6 lórí wọn, bẹ́ẹ̀ 2 tó. Ọ́síjìn kì í fi bẹ́ẹ̀ yòrò nínú omi, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń gba inú rẹ̀ kọjá kó tó kan sẹ́ẹ̀lì nísàlẹ̀. Bí kò bá tó wọn, wọ́n á máa fọ́ glúkóòsì, ìyẹn ṣúgà inú oúnjẹ wọn, láìsí ọ́síjìn: agbára díẹ̀, lactic acid rẹpẹtẹ. Ásíìdì yẹn ló ń sọ àwọ̀ pupa di yẹ́lò. Glúkóòsì gíráàmù 4.5 nínú lítà kan tí mo ń fi yangàn, epo ni mo ń dà síná!

Mo padà sí 5, mo ń pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ méjì-méjì. Lọ́jọ́ kẹrin wọ́n ti kún ìdí ìgò bámúbámú. Ẹ má sì gbàgbé ìgò oúnjẹ sínú ooru 37°C bíi tèmi o, glútámáìnì, èròjà aṣaralóore kan nínú rẹ̀, á máa di amóníà tó ń pa sẹ́ẹ̀lì lára kí ẹ tó lò ó.

Pásítọ̀ ti ń béèrè ìdí tí mo fi ń yọ́ jáde kí ìwàásù tó parí.