Iyán tí mo fi etí gún

Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń gbé Adó-Èkìtì, ojú sì ń tì mí láti sọ pé bùkà ni mo ti ń jẹ gbogbo iyán mi. Ìjerò ni wọ́n bí ìyá mi sí, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ níbẹ̀ sì ni mo ti ń lo họlidé títí mo fi di ọmọ ọdún méjìlá. Ohun tí mo rántí jù kì í ṣe adùn, ìró ni. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, gbogbo agbo ilé á máa dún kù, kù, kù. Ẹni tó ń gún iyán á wà lẹ́yìnkùlé, ìyá àgbà á jókòó sí yàrá, á kàn pariwo látibẹ̀ pé, "Ó ṣì kù!" Kò ní yọjú wo odó rárá. Báwo ló ṣe ń mọ̀? Sátidé tó kọjá ni mo tó rí ìdáhùn.

Odó ti wà nílẹ̀. Mo rà á lọ́wọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà kan lójú ọ̀nà Ìkéré, igi apá ni. Odó tuntun kì í ṣe ohun tí à ń kó iṣu sí lójú ẹsẹ̀ o. Mo fọ̀ ọ́, mo gún èèpo iṣu nínú rẹ̀, mo dà á nù, mo tún gún òmíràn, títí omi tí mo fi ń ṣàn án kò fi mú àwọ̀ igi jáde mọ́.

Ní Ọjà Ọba, mo mú iṣu kan tó tóbi, tó dán. Ìyá oníṣu bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní iyán. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó dá a padà: "Ewùrà nìyẹn. Ọ̀jọ̀jọ̀ ni kó o lọ fi ṣe." Èyí tó gbé fún mi ti gbẹ, ara rẹ̀ ti ń hunjọ. Iṣu tuntun máa ń lómi nínú, iyán rẹ̀ kì í dúró dáadáa. Èyí tó ti pẹ́ nínú abà ni iyán ń fẹ́. "Usu" ló ń pe iṣu, bí ìyá àgbà ṣe ń pè é gẹ́lẹ́, inú mi sì dùn débi pé mo gbàgbé láti ná an.

Ọbẹ̀ ni mo kọ́kọ́ sè, torí iyán kì í dúró de ọbẹ̀. Mo bọ ìṣápá funfun, mo fún omi rẹ̀ nù lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá àgbà máa ń fi kán-ún sí i kí kíkan rẹ̀ lè rọlẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní kán-ún nílé. Ẹ̀gúsí, irú, ẹja gbígbẹ, epo: ẹ mọ ìyókù.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mo ń gbé, nítorí náà mo gbé odó lọ sẹ́yìnkùlé, mo ká àpò ìrẹsì sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ọ̀bẹ ti ń wọnú iṣu láìjà, mo sọ ìkòkò kalẹ̀, mo gbé e sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ọmọrí lórí. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń kó o sódó, ìyókù wà nínú omi gbígbóná, torí iṣu tó bá tutù, kókó ló máa dà. Mo kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ kó má baà ta sókè, lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í gún.

Kò pẹ́ tí apá fi ń ro mí. Mo bu omi, mo fẹ́ dà á sí i, ni ohùn kan bá ti ojú fèrèsé ìsàlẹ̀ wá: "Ó ṣì kù!"

Ọwọ́ mi dúró lókè. Ìyá onílé wa ni, àgbà obìnrin, ọmọ Ìdó.

"Ẹ kú ọ̀sán, Mà. Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Mo ń gbọ́ kókó inú ẹ̀. Má tíì bu omi sí i o, ọmọ mi. Bómi bá ti dé ibẹ̀, ńṣe ni wọ́n á máa yọ̀ mọ́ ọ lábẹ́ ọmọ odó."

Mo tún gún un, mo fetí sí i. Bí ọmọ odó bá bọ́ síbi tó ti kúnná, ìró rẹ̀ á rọ̀. Bó bá ba kókó, á dún kó! bí ìgbà tí èèyàn kan ilẹ̀kùn. Ni mo bá ń fi etí lé kókó kiri, mo ń ti ẹ̀gbẹ́ sí àárín, mo ń gún un. Díẹ̀díẹ̀, kù, kù di pọ̀, pọ̀, iyán sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ọmọ odó mú. Ìgbà yẹn ni mo wá bu omi gbígbóná díẹ̀ sí i.

"Ó tó," ni ìyá wí. "Bu tèmi wá."

Kí n tó bù ú, mo gé díẹ̀ jẹ láti inú odó láìsí ọbẹ̀, irú èyí tí ìyá àgbà máa ń fi lé mi lọ́wọ́ kó tó bu ti bàbá. Wọ́n ní iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́. Tèmi tí kò tíì pé ìṣẹ́jú méjì ńkọ́?

Ìyá onílé jẹ òkèlè mẹ́ta kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní iyán ò burú. Ó ní ìṣápá ṣì kan. Òótọ́ sì ni, ó kan. Ó dìde, ó wọlé, ó fi bébà wé kán-ún díẹ̀ wá fún mi.