Bí aró ṣe fẹ́ẹ́ ba aṣọ Ògùn mi jẹ́

₦60,000 ni mo fi sọ́kàn pé iṣẹ́ náà máa gbà. ₦118,000 ló gbà níkẹyìn, èyí tó pọ̀ jù nínú àlékún yẹn ló sì bá omi lọ. Omi gan-an ni mò ń wí o: omi tí mo rà lọ́wọ́ mẹ́ruwà láti fi gba aṣọ tí mo ti rán tán lọ́wọ́ aró.

Abẹ́òkúta ni wọ́n bí mi sí ní 1976, ọdún náà gan-an tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀. Nígbà tí àádọ́ta ọdún ń bọ̀, mo sọ fún àwọn àbúrò mi pé kó tó di 3 oṣù kejì 2026, aṣọ ńlá kan máa wà lára ògiri pálọ̀ ilé wa ní Ìtòkú. Ogún ojú ni mo fẹ́ kó ní, ojú kan fún ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan: mẹ́rin ní ìbú, márùn-ún ní òòró, kí ọ̀já funfun la àárín wọn kọjá. Ẹni tó bá ti rí agọ̀ eégún mọ bí wọ́n ṣe ń rán onírúurú aṣọ mọ́ ara wọn. Tèmi yàtọ̀ ní ti pé mo tẹ́ kúbùsù tó ti fẹ́lẹ́ sí àárín, mo fi ańkárá tẹ́ ẹ̀yìn, mo wá fi abẹ́rẹ́ gun gbogbo rẹ̀ pọ̀ kó lè wúwo lọ́wọ́.

Gígé àti rírán kò gba àlàyé. Oṣù méjì ni mo fi rán an ní alaalẹ́, ní Ìbàdàn tí mò ń gbé.

Àwọn ojú wọ̀nyẹn, inú mi ń dùn sí wọn títí dòní. Aṣọ eléérú lásán ni mo fi ṣe Ewékorò, nítorí sìmẹ́ǹtì. Bí a bá ń ti Èkó bọ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, eruku rẹ̀ la fi ń mọ̀ pé a ti ń súnmọ́ ilé. Ọbáfẹ́mi-Owódé gba ìrẹsì Ọ̀fadà, tí mo fi òwú aláwọ̀ ilẹ̀ gun ní ẹyọ ẹyọ sórí aṣọ aláwọ̀ ewé eéran. Ṣàgámù gba obì olójú mẹ́rin. Ìmẹ̀kọ-Àfọ̀n gba ojú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, èyí tí àwọn ará Kétu tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin náà máa mọ̀ bí wọ́n bá rí i. Ẹṣin tó wọ ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn ni mo ṣe sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni màámi, ọjọ́ kẹta Iléyá kò sì lè dé kí wọ́n má kó wa lọ wo Ojúde Ọba. Ẹ̀rù ìbọn tí àwọn ìdílé balógun máa ń yìn lórí ẹṣin máa ń bà mí, abẹ́ ìborùn màámi ni mo sì máa ń wà títí wọ́n á fi kọjá.

Abẹ́òkúta ní ojú méjì, ti Àríwá àti ti Gúúsù. Èmi ò ra aṣọ fún méjèèjì yìí. Ìyá àgbà, ìyá bàbá mi, aládìrẹ ni. Wọ́n fi ìró ẹlẹ́kọ kan sílẹ̀ nínú àpótí, èyí tí wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ sí lára fúnra wọn kí wọ́n tó rẹ ẹ́ nínú aró ewé ẹ̀lú. Láti inú ibi tó ti gbó nínú ìró náà ni mo ti gé òkè Olúmọ. Bàbá mi ló kọ́kọ́ mú mi gun òkè náà, kí wọ́n tó ṣe ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn lọ sókè. Wọ́n ní kí n fọwọ́ kan àpáta náà, pé abẹ́ rẹ̀ ni àwọn bàbá ńlá wa sá sí lákòókò ogun.

Àdìrẹ tuntun mẹ́fà ni mo rà lọ́jà kún èyí tó wà nílé. Mo bi ìyá tó tà á fún mi pé, “Mà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò ní ṣí?” Wọ́n ní, “Àǹtí mi, aró tó jinná rèé. Ẹ ṣáà bu iyọ̀ sómi ẹ̀ẹ̀kan péré.” Mo bu iyọ̀ sí i bí wọ́n ṣe wí. Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo gé e.

Nígbà tí mo rán gbogbo rẹ̀ tán, àmì ṣọ́ọ̀kì tí mo fi fa ìlà ṣì wà lára rẹ̀. Mo rẹ ẹ́ sómi ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kí n tó sùn. Nígbà tí mo jí, omi inú bàsíà ti dúdú bí omi ìkòkò aró. Àwọn ọ̀já funfun tí mo fi ọ̀sẹ̀ kan tò ti di búlúù ní ìdí àdìrẹ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó ń wọ́ lọ bí ẹni pé wọ́n fọwọ́ tọ́ ọ. Ẹṣin Ìjẹ̀bú-Òde náà fara gbá. Mo sunkún, mi ò sì ní purọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Aládùúgbò mi kan ní kí n da bílíìṣì sí i. Ọlọ́run ló ní kí n kọ́kọ́ dán an wò lára àjákù. Ká tó wí, ká tó fọ̀, aró ẹlẹ́wà yẹn ti di pupa rúsúrúsú bí aṣọ tí ìgbẹ́ ọmọ ta sí. Bí mo bá ti dà á sórí odindi aṣọ ni, ìró ìyá àgbà ti lọ nìyẹn.

Àǹtí kan tó ti pẹ́ nídìí aró ní Abẹ́òkúta ni mo pè. Wọ́n kọ́kọ́ bá mi wí, wọ́n ní, “Ta ló sọ fún ọ pé iyọ̀ ń di aró mú?” Wọ́n ṣàlàyé pé aró tó ti mú aṣọ kì í yọ́ nínú omi. Ohun tó ń jáde yẹn ni àṣẹ́kù tó kàn jókòó sára òwú, tó yẹ kí ẹni tó rẹ aṣọ ti ṣàn dànù kó tó gbé e lọ sọ́jà. Ṣíṣàn ń gba omi, ó ń gba ọjọ́, ọjà sì ń sáré. Ìró ìyá àgbà kò ṣí nítorí wọ́n ti fọ̀ ọ́ fún ogójì ọdún. Wọ́n ní kí n má ṣe sá aṣọ náà rárá, pé bí ó bá gbẹ, ó parí. Omi gbígbóná púpọ̀, ọṣẹ ìfọṣọ púpọ̀, kí gbogbo aṣọ rì pátápátá fún wákàtí méjìlá, kí n dà á nù, kí n tún bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n sọ èyí fún mi ni iná lọ. Iná kò dé fún ọjọ́ mẹ́ta, omi kànga kò sì ṣeé fà. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rìnlélógójì ni mo rà lọ́wọ́ mẹ́ruwà. Gáàsì tán nídìí omi sísè. Kúbùsù inú aṣọ náà ti mu omi, èmi àti àbúrò mi la jọ ń gbé e bí ẹni gbé òkú ẹran. Mo ń yí i ní ààjìn kí ojú kan má baà léfòó. Inú ń bí mi sí ẹni tó ta aṣọ náà, inú ń bí mi sí ara mi jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ilé aládìrẹ ni mo ti jáde, mo sì mọ bí ọwọ́ ìyá àgbà ṣe máa ń rí ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń ṣan aṣọ.

Omi kìíní dúdú, ìkejì búlúù, ìkẹta aláwọ̀ ojú ọ̀run. Lẹ́yìn ìkẹrin, funfun padà dé. Ọ̀já méjì péré ló kọ̀ tí mo tú, tí mo pààrọ̀. Funfun rẹ̀ kò dọ́gba pẹ̀lú ti tẹ́lẹ̀ tó bá jẹ́ èmi ló ń wò ó, àmọ́ àlejò ò lè mọ̀.

Ohun tó yẹ kí n ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú kan lọ: kí n fi omi gbígbóná rẹ àkísà funfun, kí n fi fa àdìrẹ náà gidigidi níwájú ẹni tó ń tà á. Bí àkísà bá ti gba àwọ̀, kí ẹ fọ aṣọ náà lọ́tọ̀ títí àkísà á fi jáde ní funfun, ì báà ṣe ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ má gé e kó tó dà bẹ́ẹ̀.

Aṣọ náà wà lára ògiri ní Ìtòkú báyìí. Màámi fi ọ̀pá ìtilẹ̀ wọn tọ́ka sí ojú Olúmọ, wọ́n ní, “Ìró tí ìyá àgbà wọ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ẹ kọ́ nìyí?” Èmi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mò ń gé e.

Àbúrò mi ti ní kí n ṣe tòun. Àdìrẹ mẹ́rin wà lórí okùn lẹ́yìn ilé mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo ti fọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́rin, àkísà ṣì ń gba àwọ̀ díẹ̀, mi ò sì tíì mú àlùmọ́gàjí.