Ẹ má tíì fi owó ara yín ra bàtà tí ẹ ó wọ̀ gé igi

Ẹ̀yin tí ẹ ń bá ilé iṣẹ́ gé igi ní Bìrìtéènì, ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé béèrè bàtà ààbò lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ yín, nítorí pé òfin ìlera àti ààbò ọdún 1974 kò gbà á láyè kí ó gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀, ìbáà jẹ́ nípa yíyọ ọ́ nínú owó oṣù. Bí bàtà náà bá dé, ẹ wo ahọ́n rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bóyá EN ISO 17249 (nọ́ńbà ìlànà fún bàtà tó ń dènà ẹ̀rọ agégi oníṣéènì) àti àwòrán ẹ̀rọ agégi wà níbẹ̀. Bàtà tó kàn ní irin níwájú (èyí tí àwọn ọ̀gá kan máa ń gbé lé ni lọ́wọ́) ń dáàbò bo ọmọ ìka ẹsẹ̀, kò lè dá ṣéènì ẹ̀rọ náà dúró lókè ẹsẹ̀. Ẹni tó bá dá iṣẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ ni yóò ra tirẹ̀.