Owó Ara Mi Ni Mo Fi Gbin Abẹ́rẹ́ Olóko

₦15,000 ni mo san fún ẹni tó bá mi ro ẹ̀yìnkùlé wa ní Àpáta, n'Ìbàdàn, nínú oṣù Kẹfà, síbẹ̀ kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí koríko náà tún fi hù, tó sì nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Abẹ́rẹ́ olóko ni, ẹbí ewúro, èyí tí Linnaeus, onímọ̀ ewéko ará Sweden, sọ ní Bidens pilosa ní 1753. Eléyín méjì ni Bidens túmọ̀ sí, ṣùgbọ́n eyín mẹ́ta ni mo sábà ń rí lórí èso èyí tó wà lọ́dọ̀ mi. Ohun tí mo ti ń pè ní òdòdó kan láti kékeré kì í ṣe ẹyọ kan rárá: ọ̀pọ̀ òdòdó wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ìyeyè ló kó ara wọn jọ síbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ń di èso dúdú tín-ín-rín, tí eyín orí rẹ̀ ní ìwọ̀ kéékèèké tó kọjú sẹ́yìn, tó fi jẹ́ pé bó bá ti wọ aṣọ, kò ní jáde bọ̀rọ̀. Koríko tí kì í lò ju ọdún kan lọ ni. Bó bá so tán, á kú fúnra rẹ̀, irúgbìn nìkan ló sì fi ń padà wá. Ìgbà tí èso ti gbó ni alágbàṣe mi wá ro ó, ó sì wọ́ ọ gba gbogbo àgbàlá lọ sídìí ògiri.

Ìdí ògiri yẹn ni mo ti jìyà. Mo fẹ́ sun ún, òjò kò gbà. Bí mo bá tú u ká fún oòrùn láàárọ̀, ilẹ̀ á ti tutù kí ó tó di ìrọ̀lẹ́. Mo fi ọ̀rá bò ó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bu, ó sì ń rùn. Mo ra kẹrosíìnì dà sí i, èéfín nìkan ló yọ, ìyá tó bá wa pààlà sì yọjú lórí ògiri pé, “Bàbá Túnjí, ṣé ẹ fẹ́ fi èéfín pa wá ni?” Ajá wa ti sọ òkìtì náà di ibùsùn, ó ń gbé abẹ́rẹ́ wọ pálọ̀, títí ó fi kan aṣọ òfì ìyàwó mi. Odindi ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni mo fi jókòó lórí àpótí, tí mò ń yọ ọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí ẹnikẹ́ni kò sì bá mi sọ̀rọ̀.

Nígbẹ̀yìn, mo kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò ìrẹsì, mo dì í lẹ́nu pinpin kí ó lè jẹrà síbẹ̀. Àwọn tó tún hù ni mo fọwọ́ ara mi tu lẹ́yìn òjò, kí òdòdó tó yọ, gbòǹgbò wọn sì ń tẹ̀ lé ọwọ́ wẹ́rẹ́. Kò ná mi ní kọ́bọ̀. Kódà, ọmọkùnrin kan tó ń sin ehoro ládùúgbò ló kó wọn lọ, ó sì dúpẹ́. Ká ní mo mọ̀ ni, òun ni ǹ bá ti pè láti oṣù Karùn-ún, n kò sì ní san owó alágbàṣe kankan.

Mo ṣì ń yí ẹ̀yìnkùlé ká lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lánàá, mo rí mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga.