Òdòdó kan tó fẹ́ jọ èlú ní pápá Kansas

Ọmọ aláró Abẹ́òkúta ni mí, àwọ̀ búlúù kì í kọjá lójú mi lásán. Ní ìparí oṣù Karùn-ún, ọ̀gbẹ́ni kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ mú mi lọ sí pápá màlúù rẹ̀ nítòsí Cottonwood Falls, ní àgbègbè Flint Hills ní Kansas. Òkúta pọ̀ nínú ilẹ̀ ibẹ̀ débi pé wọn kò rí i ro, ìyẹn ni koríko àtayébáyé fi ṣẹ́kù. Àárín koríko yẹn ni mo ti rí i: ó ga dé orúnkún mi, ṣírí òdòdó búlúù rẹ̀ sì nà sókè ṣánṣán.

Mo yà á ní fọ́tò, áàpù tó ń dá ewéko mọ̀ lórí fóònù mi ní òdòdó tí wọ́n ń pè ní lupine ni. Mi ò bá gbà, àfi bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ wo ewé rẹ̀. Ewé lupine máa ń yà bí ìka ọwọ́, márùn-ún, méje, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mẹ́ta mẹ́ta péré ni tèyí, bíi ti ẹ̀wà.

Ìdílé ẹ̀wà náà ni, kò sí àní-àní. Ẹni tó bá ti gbin òtílí rí á dá òdòdó yẹn mọ̀: ewé òdòdó kan dúró lẹ́yìn bí àsíá, méjì ṣe ìyẹ́, méjì tó kù pàdé nísàlẹ̀ bí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n. Mo tọrọ àyè, mo já ẹyọ kan, mo fi èékánná la ọkọ̀ náà. Fọ́nrán akọ, èyí tó ń ru ìyẹ̀fun òdòdó, mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀, kálukú dá dúró. Ti lupine máa ń so pọ̀ nídìí ni. Áàpù jẹ̀bi.

Baptisia, ẹ̀yà ewéko mìíràn nínú ìdílé ẹ̀wà, ló kù. Èyí tí wọ́n ń pè ní bracteata náà wà lágbègbè yẹn, ṣùgbọ́n òdòdó tiẹ̀ ní àwọ̀ yẹ́lò fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń dorí kodò sílẹ̀. Baptisia australis ni tèmi. Àwọn Amẹ́ríkà ń pè é ní èlú ìgbẹ́, inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí kí a ri nǹkan bọ inú aró sì ni orúkọ Baptisia ti wá. Mo fi ewé kan sáàrin ìwé. Nígbà tó gbẹ, ó ti dúdú. Ó ṣe mí bíi kí n gbọ́ òórùn ìkòkò aró, torí ìdílé ẹ̀wà kan náà ni èlú tiwa tí wọ́n ń gún lódó, tí wọ́n ń ṣù, ti wá.

Mo padà lọ lóṣù Kẹwàá. Èso rẹ̀ ti wú, ó dúdú bí èédú, kóró inú rẹ̀ sì ń dún bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ bí atẹ́gùn ṣe ń mì í. Ọ̀pọ̀ ti ṣẹ́ nídìí, ìjì ń yí wọn kiri pápá.

Mo pe Màámi, mo fi hàn wọ́n nínú fídíò.

“Ṣé aró ẹ̀ ń mú aṣọ?”

“Wọ́n lò ó láyé àtijọ́ tí wọn ò bá rí èlú gidi, mà. Ṣùgbọ́n kò lágbára tó tiwa.”

Wọ́n ní kí n yáa máa wò ó lójú lásán, kí n má fi aṣọ funfun àwọn dán an wò.